Okùn Kékeré Tí Ó Gba Inú Etí Lọ sí Ahọ́n

 A mọ̀ pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti oko tàbí ọjà dé ni púpọ̀ nínú yín ń ráyè kàwé. 

Ẹ̀kọ́ tòní jẹ mọ́ ara wa. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé, "Kí ni etí wà fún?" yóò dáhùn pé, "Láti fi gbọ́ràn ni." Bí a bá tún béèrè pé, "Kí ni a fi ń mọ̀ bóyá ọbẹ̀ dùn?" yóò ní, "Ahọ́n ni." Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ sí etí. Etí náà sàn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò mọ adùn oúnjẹ dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ba ènìyàn lẹ́rù. Àwọn kan a ní ayé ni ó ṣe àwọn. Àwọn mìíràn a ní dókítà fi oògùn búburú sí àwọn lára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi kà á tán, ẹ ó mọ ohun tí ó fà á. Ẹ ó mọ bí ó ti ń sàn. Ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ lè fi ìwé àti pẹ́ńsù yín ṣe sí i.

INÚ ETÍ WA

Ẹ wo ìlù dùndún. Awọ wà lójú rẹ̀. Ọṣán sì wà lára rẹ̀, èyí tí ó so awọ ojú kìíní mọ́ awọ ojú kejì.

Inú etí wa náà ní ìlù tirẹ̀. Bí a bá gba ihò etí wọlé, a ó kan awọ pẹlẹbẹ kan. Òun ni à ń pè ní ìlù etí. Bí ohùn bá kàn án, yóò gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí awọ dùndún ti ń gbọ̀n nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá bà á.

Lẹ́yìn awọ yìí ni yàrá kékeré kan wà. Eegun mẹ́ta ni ó wà nínú yàrá náà. Kò sí eegun tí ó kéré tó wọn nínú gbogbo ara ènìyàn. Àwọn oníṣègùn fi ohun èlò iṣẹ́ sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n pe èkíní ní òòlù. Wọ́n pe èkejì ní irin tí alágbẹ̀dẹ ń gbé iṣẹ́ lé kí ó tó lù ú. Wọ́n pe ẹ̀kẹta ní irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Bí awọ bá gbọ̀n, èkíní yóò gbọ̀n, èkejì yóò gbọ̀n, ẹ̀kẹta yóò gbọ̀n. Báyìí ni ohùn ṣe ń wọ inú lọ́hùn-ún, tí ọpọlọ fi ń mọ ohun tí a sọ.

Nínú yàrá kékeré yìí ni okùn kan ń gbà kọjá. Ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ó na sẹ́yìn awọ ìlù etí. Ó gba àárín eegun kìíní àti èkejì. Ó jáde kúrò nínú etí, ó gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì dé ahọ́n. Okùn yìí kò bá etí gbọ́ràn rárá. Ó dàbí ẹni tí ń gba àgbàlá aládùúgbò rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ara rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pè é ní èdè Látìnì ni chorda tympani. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọṣán ìlù. Ẹni tí ó bá mọ dùndún yóò rí i pé orúkọ náà bá a mu.

IṢẸ́ TÍ OKÙN NÁÀ Ń ṢE

Irú okùn báyìí ni à ń pè ní iṣan ìmọ̀lára. Iṣẹ́ rẹ̀ dàbí iṣẹ́ wáyà. Ó ń gbé ìròyìn láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ara.

Iṣẹ́ méjì ni okùn wa ń ṣe. Èkíní, ó ń gbé ìròyìn adùn láti ahọ́n lọ sí ọpọlọ. Bí a bá pín gígùn ahọ́n sí mẹ́ta, apá méjì tí ó wà níwájú ni tirẹ̀. Okùn inú etí òsì ń ṣiṣẹ́ fún apá òsì ahọ́n. Okùn inú etí ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ fún apá ọ̀tún. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni pé ó ń gbé àṣẹ lọ sí ibi tí itọ́ ti ń sun lábẹ́ àgbọ̀n àti lábẹ́ ahọ́n, kí ẹnu má baà gbẹ.

Oríṣìí adùn márùn-ún ni ahọ́n mọ̀. Ó mọ dídùn bí oyin. Ó mọ iyọ̀. Ó mọ kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó mọ kíkorò bí ewúro. Ẹ̀karùn-ún ni adùn tí ó wà nínú omi ẹran àti nínú irú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jàpáànù kan, Kikunae Ikeda, ni ó ṣàlàyé ẹ̀karùn-ún yìí ní ọdún 1908. Omi ewéko inú òkun tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ń se ọbẹ̀ ni ó yẹ̀ wò.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a kò dárúkọ ata. Ata kì í ṣe ọ̀kan nínú adùn márùn-ún. Oró ni ata ń ta, bí iná ti ń jó ni. Okùn mìíràn ni ó ń gbé oró ata, ooru àti òtútù. Bákan náà, ẹ̀yìn ahọ́n níhà ọ̀fun ní okùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òórùn ọbẹ̀ sì ń gba imú lọ sí ọpọlọ.

Nítorí náà, bí okùn inú etí kan bá bàjẹ́, gbogbo adùn kò ní tán lẹ́nu. Ata yóò ṣì máa ta. Irú yóò ṣì máa rùn sí imú. Ẹ̀yìn ahọ́n àti apá kejì yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣe àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn mọ̀, ó sì ń dà wọ́n láàmú.

ÌDÍ TÍ IṢẸ́ ABẸ FI Ń KAN OKÙN NÁÀ

Etí tí ń ṣọyún fún ìgbà pípẹ́ kì í ṣe ohun à ń fojú kéré. Ẹlòmíràn a máa fi òwú dí i, a sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní inú lọ́hùn-ún, àrùn náà lè máa jẹ àwọn eegun kéékèèké. Nígbà mìíràn, awọ a máa hù sí ibi tí kò yẹ nínú etí, a sì máa jẹ eegun lọ díẹ̀díẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba iṣan ojú jẹ́. Ó sì lè dé ọpọlọ, kí ó pa ènìyàn.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ etí. Ní ọdún 1873, Hermann Schwartze, dókítà ará Jámánì, tẹ ọ̀nà iṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn etí jáde lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ẹlòmíràn sì tẹ̀lé e. Ní ọdún 1956, dókítà John Shea ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà yọ eegun kẹta inú etí obìnrin kan tí kò gbọ́ràn dáadáa. Ó fi èyí tí a fi ọwọ́ ṣe rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ adití ti ń gbọ́ràn nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ilé ìwòsàn ńlá ti University College Hospital ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1957, ní àwọn dókítà tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun.

Wàyí o, dókítà tí ó fẹ́ dé ibi àrùn gbọ́dọ̀ wọ yàrá kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Yàrá náà há. Okùn wa sì dábùú ọ̀nà. Nígbà púpọ̀, dókítà ní láti rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó lè ríran. Bí a bá sún un, ó lè nà. Ó lè gbẹ nítorí iná àti afẹ́fẹ́. Nígbà mìíràn, àrùn ti wé mọ́ ọn pátápátá, a kò sì lè mú àrùn kúrò láìgé okùn. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa pàápàá lè bá èyí pàdé.

OHUN TÍ ALÁÌSÀN Ń RÍ

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, aláìsàn lè rí ọ̀kan tàbí méjì nínú nǹkan wọ̀nyí:

Ẹnu rẹ̀ lè máa dàbí ẹni tí ó fi kọ́bọ̀ sẹ́nu. Adùn irin ni yóò máa gbọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ nǹkan kan.
Apá kan ahọ́n lè kú tipiri, tàbí kí ó máa ṣe bí ẹni pé omi gbígbóná bó o.
Iyọ̀ tàbí ṣúgà lè má hàn ní apá náà.
Ẹnu lè máa gbẹ.

Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí ohun ìyàlẹ́nu kan. Okùn tí a nà tí kò já máa ń da ẹnu láàmú nígbà mìíràn ju èyí tí ó já pátápátá lọ. Èyí tí ó já ti dákẹ́. Èyí tí a nà ń gbé ìròyìn èké lọ sí ọpọlọ. Nítorí náà, adùn irin lẹ́nu kì í ṣe àmì pé gbogbo nǹkan ti bàjẹ́.

BÍ Ó TI Ń SÀN

Lójú ahọ́n wa, àwọn ẹ̀yà tín-tìn-tín kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní olùtọ́wò. Àwọn ni ó ń kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nǹkan dùn tàbí ó korò. Wọn kì í pẹ́ láyé. Bí ọjọ́ mẹ́wàá ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, tí àwọn titun yóò sì rọ́pò wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn olùtọ́wò gbára lé okùn, bí fìtílà ti gbára lé epo. Bí okùn bá dákẹ́, wọn a rọ, wọn a sì dínkù. Bí okùn bá sọjí, wọn a tún hù, gẹ́gẹ́ bí igi ewúro tí a gé ti ń rúwé nígbà tí òjò bá rọ̀ sí i.

Okùn pàápàá lè sọjí. Èyí tí a nà lè bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Èyí tí ó já pẹ̀lú lè tún hù padà, bí orí rẹ̀ méjèèjì bá wà nítòsí ara wọn. Ṣùgbọ́n ìrìn ìgbín ni ó ń rìn. Iṣan ìmọ̀lára kì í sábà hù ju bíi mìlímítà 1 lọ lójúmọ́. Ẹ wo rúlà tí ẹ fi ń fa ìlà. Àyè tí ó wà láàárín ìlà kékeré kan àti èkejì lórí rẹ̀ ni mìlímítà 1.

Ìdí nìyí tí ara kì í fi í yá lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí ìyípadà láàárín oṣù mẹ́ta sí ọdún kan. Àwọn kan ń tètè sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Àwọn díẹ̀ wà tí tiwọn kò padà tán. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ń jẹun pẹ̀lú ìgbádùn, nítorí pé àwọn okùn yòókù àti imú ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

ÀPẸẸRẸ: ÌYÁ OLÓÚNJẸ ÀTI ÌWÉ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa. Ká sọ pé ìyá kan wà tí ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀bà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Ìyá Olóúnjẹ. Etí rẹ̀ òsì ti ń ṣọyún fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Oyún náà gbẹ, inú rẹ̀ sì dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà sídìí ààrò. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, kò gbọ́ iyọ̀ tó. Ó bù sí i. Ó tún tọ́ ọ wò, ó tún bù sí i. Nígbà tí àwọn oníbàárà jẹun, awakọ̀ kan dìde, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ọbẹ̀ tòní níyọ̀ jù." Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rù iyọ̀, kò sì fi tó. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá bá a. Ó ní, "Àwọn olóúnjẹ ẹgbẹ́ rẹ ni wọ́n fi nǹkan sí ọ lẹ́nu. Dìde, jẹ́ kí á lọ bì í dànù." Ìyá Olóúnjẹ dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà á. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta. Ó rò ó pé bóyá kí òun ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé okùn inú etí fún un. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀wé kọ?" Ìyá Olóúnjẹ ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni." Nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti tó. Ẹ lọ ra ìwé kékeré kan."

Ohun méjì ni ó kọ sínú ìwé náà. Èkíní ni òṣùwọ̀n ọbẹ̀. Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà pé kí ó máa bá òun tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà tí iyọ̀ bá tó lẹ́nu ọmọ, ìyá a ka síbí tí ó lò, a sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìkòkò ńlá, síbí mélòó; ìkòkò kékeré, síbí mélòó. Láti ọjọ́ náà, síbí àti ìwé ni ó fi ń se ọbẹ̀, kì í ṣe ahọ́n nìkan. Àwọn oníbàárà padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkejì ni ìrìn-àjò ahọ́n rẹ̀. Ohun tí ó kọ nìyí:

Ọ̀sẹ̀ 2. Apá òsì. Iyọ̀, rárá. Ṣúgà, rárá. Ọsàn wẹ́wẹ́, díẹ̀. Ewúro, rárá. Irin wà lẹ́nu.
Oṣù 2. Iyọ̀, rárá. Ṣúgà, rárá. Ọsàn wẹ́wẹ́, díẹ̀. Ewúro, rárá. Irin ti dínkù.
Oṣù 4. Iyọ̀, díẹ̀. Ṣúgà, díẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́, ó dé. Ewúro, rárá. Irin ti lọ.
Oṣù 7. Iyọ̀, ó dé. Ṣúgà, ó dé. Ọsàn wẹ́wẹ́, ó dé. Ewúro, díẹ̀.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì àti oṣù kejì, ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ ì bá ní, "Kò sí ìyípadà rárá." Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé irin ti dínkù. Ìwé ni kò jẹ́ kí ó sọ ìrètí nù. Nígbà tí ó padà sọ́dọ̀ dókítà, kò ní láti máa ronú kí ó tó dáhùn. Ó ṣí ìwé, ó kà á.

BÍ A ṢE Ń DÁN AHỌ́N WÒ NÍLÉ

Ẹ wá iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà díẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ewúro. Ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ mọ́ omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ife mímọ́.

Ẹ fi omi fọ ẹnu. Ẹ wé òwú mímọ́ mọ́ orí igi kékeré tí kò mú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi iyọ̀. Ẹ yọ ahọ́n síta, kí ẹ sì fi òwú kan iwájú rẹ̀ ní apá kan. Ẹ má dá ahọ́n padà sẹ́nu kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ gbọ́, nítorí pé bí ẹ bá dá a padà, omi náà yóò ṣàn lọ sí apá kejì. Ẹ fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ lórí ìwé: iyọ̀, dídùn, kíkan, kíkorò, tàbí rárá. Ẹ fọ ẹnu, kí ẹ tó dán òmíràn wò. Ẹ ṣe apá kejì pẹ̀lú, kí ẹ lè fi wéra. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Ẹ má ṣe ki òwú tàbí igi bọ etí o!

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ abẹ etí, ẹ sọ iṣẹ́ yín fún dókítà. Bí ẹ bá jẹ́ olóúnjẹ tàbí alásè, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀. Ẹ béèrè pé, "Dókítà, ṣé iṣẹ́ yìí lè kan okùn tí ń tọ́ adùn wò?" Ẹni tí ó bá béèrè kì í ṣìnà.

2. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe etí kejì lẹ́yìn èkíní, ẹ kọ́kọ́ sọ bí ẹnu yín ti rí. Bí okùn méjèèjì bá bàjẹ́, ẹnu lè gbẹ gan-an, adùn sì lè dínkù púpọ̀. Dókítà ní láti rò ó dáadáa.

3. Ẹ má fi iyọ̀ wá adùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju síbí tíì kan lọ. Iyọ̀ púpọ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹ má fi ṣúgà wá adùn pẹ̀lú. Ẹ lo irú, ata, efinrin, àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀, nítorí pé òórùn wọn ń gba imú.

4. Ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ nílò ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́, kí egbò rẹ̀ lè tètè jinná. Bí adùn kò tilẹ̀ pé, ẹ jẹun.

5. Bí ẹnu bá ń gbẹ, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fọ eyín ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, nítorí pé eyín tètè ń jẹrà bí itọ́ kò bá tó.

6. Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń polówó kiri nínú ọkọ̀. Kò sí oògùn kan tí ẹ̀rí fi hàn dájú pé ó ń mú okùn yìí tètè hù. Ẹ má da epo, omi ewé tàbí nǹkan mìíràn sínú etí tí a ṣe iṣẹ́ abẹ sí.

Bí adùn bá ń pẹ́ kí ó tó padà, kì í ṣe ọ̀ràn kíákíá. Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣòwò. Bí ojú tàbí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ojú kan kò sì lè padé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni bí òòyì ńlá bá ń kọ́ ọ yín, bí ibà bá mú yín, bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi, tàbí bí ọyún bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní etí tí ń ṣọyún, ẹ má tìtorí ẹ̀kọ́ yìí sá fún dókítà. Ahọ́n tí kò gbọ́ iyọ̀ fún oṣù mélòó kan sàn ju àrùn tí ń jẹ eegun lọ sí ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó lè dé kì í fòyà nígbà tí ó bá dé.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni orúkọ Látìnì tí àwọn oníṣègùn ń pe okùn náà túmọ̀ sí?
2. Iṣẹ́ méjì wo ni okùn náà ń ṣe?
3. Kí ni ìdí tí ata fi ń ta ẹni tí okùn rẹ̀ bàjẹ́?
4. Kí ni àwọn olùtọ́wò gbára lé?
5. Kí ni Ìyá Olóúnjẹ lò láti fi mọ̀ bóyá iyọ̀ tó?
6. Dárúkọ àmì méjì tí ó yẹ kí ó gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ ka òṣùwọ̀n iyọ̀ tí ẹ ń fi sí ìkòkò ọbẹ̀ yín lọ́la. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún ẹnì kan nínú ilé yín tí kò tíì mọ̀wé. Bóyá etí òun ni ó nílò rẹ̀ jù.